Bébà Aláwọ̀ Ilẹ̀: Ohun Tí Páálí Ń Sọ fún Ẹni Tó Ń Wé Sìgá

  Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kà á lórí fóònù dípò kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, ohun tí mo sọ gan-an nìyí, ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò nìkan ni mo yọ kúrò nínú ẹ̀.

Páálí mẹ́ta ló wà níwájú mi lórí tábìlì lónìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré ju fóònù ọwọ́ yín lọ. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ táwọn èèyàn fi ń wé tábà tàbí igbó ló wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ wa ní Èkó ń pe gbogbo ẹ̀ ní Rizla, ì báà jẹ́ iléeṣẹ́ míì ló ṣe é, bá a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ní Omo.

Bébà inú páálí àkọ́kọ́ funfun báláú. Ti ìkejì ní àwọ̀ ilẹ̀, bí àpò sìmẹ́ńtì, páálí ẹ̀ náà sì jọ ọ́. Ìkẹta ni aláwọ̀ mèremère, ó ń dán bí ìwé ìpè ìgbéyàwó.

Kí n tó tan ẹ̀rọ sílẹ̀, mo gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú àwọn mẹ́rin tí mo mọ̀ ládùúgbò tí wọ́n ń mu sìgá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n: "Èwo nínú mẹ́ta yìí ni jàǹbá ẹ̀ kéré jù?" Mẹ́ta na ìka sí aláwọ̀ ilẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹnì kẹrin mú un, ó yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà, ó ní, "Ṣé ẹ ò rí i pé wọ́n kọ ọ́ sí i lára ni?" Lóòótọ́, wọ́n kọ "natural" sí i, wọ́n sì kọ "unbleached".

Ìwádìí yunifásítì kọ́ o, èèyàn mẹ́rin péré ni. Àmọ́ ohun kan wà tí mo rí tí mi ò lè gbàgbé. Kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó ṣí páálí náà. Wọn ò fọwọ́ kan bébà, wọn ò gbóòórùn ẹ̀, wọn ò dáná sí i. Àwọ̀ páálí ló dá wọn lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́

Ó yẹ kí n sọ ìdí tọ́rọ̀ yìí fi ká mi lára. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi mu sìgá, wíwé ni mo sì máa ń wé e. Mo ti jáwọ́ báyìí. Àmọ́ àbúrò mi ọkùnrin ń wò mí nígbà yẹn. Nígbà tóun náà bẹ̀rẹ̀, mi ò ní ẹnu tí màá fi bá a wí. Ohun tí mo sọ fún un ni pé, "Tó bá jẹ́ pé o máa mu ún náà ni, aláwọ̀ ilẹ̀ ni kó o máa rà. Funfun yẹn, kẹ́míkà ló kún inú ẹ̀." Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ. Ó gbà á gbọ́, torí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló sọ ọ́.

Lóṣù tó kọjá, ó wá sùn lọ́dọ̀ mi. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ikọ́ ẹ̀ ló jí mi. Ikọ́ náà kò wá látọ̀nà ọ̀fun, inú àyà ló ti ń wá. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ní kó jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má dààmú ara yín. Àdáyébá ni mò ń lò. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ibí yìí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ fún un.

Kí ló wà nínú bébà náà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Okùn ara igi àti ewéko ni wọ́n fi ń ṣe bébà yìí: igi, ọ̀gbọ̀, hẹ́ǹpù, nígbà míì ìrẹsì. Wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á wá tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa ń da kálísíọ́ọ̀mù kábọ́néètì sí i, ìyẹn ohun kan náà tó pọ̀ jù lára èèpo ẹyin. Òun ló ń jẹ́ kó funfun dáadáa, òun náà ló sì ń jẹ́ kí wọ́n lè pinnu bóyá ó máa jó kíákíá tàbí díẹ̀díẹ̀.

Etí tẹ́ ẹ máa ń fi ahọ́n lá yẹn ńkọ́? Oje igi akéṣíà ló sábà máa ń wà níbẹ̀, èyí táwọn oníṣòwò ń pè ní gum arabic. Ilẹ̀ Sudan ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù láyé, àmọ́ Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn: lápá Òkè Ọya níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, àwọn àgbẹ̀ ń sá igi náà lára, wọ́n sì ń kó oje tó bá dì síbẹ̀. Ó lè jẹ́ oje igi Borno ló dé Yúróòpù, tó lẹ̀ mọ́ etí bébà, tó sì tún padà wá sí Èkó nínú páálí.

Àwọn orúkọ tó wà lára páálí náà ní ìtàn. Ìdílé Lacroix ní ilẹ̀ Faransé ló dá Rizla sílẹ̀. Lédè Faransé, "riz" ni ìrẹsì. "La" pẹ̀lú àmì àgbélébùú kékeré tó tẹ̀ lé e ni Lacroix, torí "croix" ni wọ́n ń pe àgbélébùú. OCB náà jẹ́ orúkọ mẹ́ta tí wọ́n gé kúrú: Odet, Cascadec, Bolloré. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ orúkọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe bébà tẹ́lẹ̀ lápá Brittany, ìkẹta ni orúkọ ìdílé tó ni ín nígbà yẹn. Ìdílé Bolloré yìí kan náà la tún wá mọ̀ nídìí iṣẹ́ èbúté ní Lomé àti Kútọnu.

Ti Zig-Zag ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ ogun onírùngbọ̀n kan ló wà lára páálí wọn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ìbọn fọ́ ìkòkò tábà ọkùnrin náà lójú ogun, ló bá ya bébà tí wọ́n fi di ẹ̀tù ìbọn, ó sì fi wé tábà ẹ̀. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, bóyá àlọ́ ọjà ni. Ẹ ṣáà wo ohun tí àwòrán yẹn ń tà fún yín. Ìgboyà ọkùnrin ni, kì í ṣe bébà. Ó ti pẹ́ tí páálí yìí ti ń sọ̀rọ̀ tí kò kan bébà rárá.

Ìdí tó fi ní àwọ̀ ilẹ̀

Okùn ara igi kì í funfun látilẹ̀. Kó tó lè funfun báláú, wọ́n gbọ́dọ̀ bó o, bí àwọn kan ṣe ń bóra. Èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀ ni èyí tí wọn ò bó. Nítorí náà, iléeṣẹ́ tó kọ "unbleached" sára páálí ẹ̀ lè máa sọ òótọ́ pọ́ńbélé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé a béèrè ìbéèrè kan, páálí dáhùn òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Bébà gígùn tó wọ́pọ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11 ní gígùn, ó sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4.4. Bébà tá a fi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì wọn gíráàmù 80 ní mítà onígun mẹ́rin kan. Bébà fẹ́lẹ́ yìí lè má ju gíráàmù 14 lọ. Tẹ́ ẹ bá ṣe é, ẹyọ bébà kan wọn nǹkan bíi gíráàmù 0.07. Ká ní gíráàmù 0.7 ti tábà lẹ wé sínú ẹ̀, ìlọ́po mẹ́wàá bébà ni tábà jẹ́. Ká tiẹ̀ ní bébà yẹn mọ́ tónítóní, ìdá kan nínú mọ́kànlá ohun tó ń jó nìkan là ń sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ìdá mẹ́wàá tó kù ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Èéfín tábà ní kẹ́míkà tó ju 7,000 lọ nínú, nǹkan bí 70 nínú wọn sì lè fa jẹjẹrẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyẹn kì í ṣe ohun tẹ́nì kan dà sí i. Iná ló bí i. Tí ewé bá ti ń jó, ó máa yọ èéfín olóró kábọ́ọ̀nù monọ́síìdì, ó sì máa yọ ọ̀dà dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró. Ewé tí wọ́n gbìn láìlo ajílẹ̀ òyìnbó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Igbó náà máa ṣe bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ lára oró tó wà nínú èéfín tábà ló wà nínú èéfín tiẹ̀ náà.

Tó bá ṣòro láti gbà, ẹ rántí ilé ìdáná ìyá àgbà. Igi oko ni wọ́n fi ń dáná. Kò sí bílíìsì nínú ẹ̀, kò sí kẹ́míkà kankan. Kò sóhun tó jẹ́ àdáyébá tó o. Ṣé èéfín ẹ̀ kò ta wọ́n lójú títí ojú fi ń ṣomi? Ṣé ikọ́ kò dúró sí ọ̀pọ̀ wọn láyà? Ẹ̀dọ̀fóró kò mọ ohun tó ń jẹ́ àdáyébá. Èéfín ló mọ̀.

Mi ò ní bébà kò já mọ́ nǹkan kan o. Lọ́dún 2024, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí oríṣi bébà 53 tí wọ́n rà lọ́jà. Wọ́n rí i pé kọ́pà tó wà nínú àwọn kan pọ̀ ju ìwọ̀n tí wọ́n dámọ̀ràn fún oògùn tí èèyàn ń fà símú, pàápàá àwọn bébà aláwọ̀ mèremère. Nítorí náà, bébà lè fi kún ewu. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kó yọ ewu kúrò.

Àwọ̀ ń sọ ohun tí òfin kò gbà kí ẹnu sọ

Báwo wá ni àwọ̀ lásán ṣe lè tan ọlọ́gbọ́n èèyàn jẹ? Àwọn oníṣòwò sìgá ti mọ ọ̀nà yìí tipẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ta sìgá tí wọ́n ń pè ní "light", àwọn èèyàn sì rò pé ó sàn ju ìyókù lọ. Kò sàn. Wọ́n ṣòfin lọ́dún 2009, nígbà tó sì di oṣù kẹfà ọdún 2010, wọn ò gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ yẹn sára páálí mọ́. Kí ni wọ́n ṣe? Marlboro Lights di Marlboro Gold. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kúrò, àwọ̀ kò lọ, àwọn tó ń rà á sì mọ èyí tí wọ́n ń wá.

Ọ̀rọ̀ "natural" náà ti dé iwájú ìjọba rí. Lọ́dún 2015, àjọ FDA ní Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí iléeṣẹ́ tó ń ṣe sìgá Natural American Spirit torí pé wọ́n ń polówó ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí "natural" àti èyí tí kò ní àfikún. Lọ́dún 2017, iléeṣẹ́ náà gbà láti dá ọ̀rọ̀ méjèèjì dúró nínú ìpolówó wọn, àyàfi "natural" tó wà nínú orúkọ sìgá náà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù rèé. Nígbà tí Ọsirélíà fẹ́ kí páálí sìgá di ohun tójú ò fẹ́ rí, wọ́n ní káwọn olùwádìí bá wọn wá àwọ̀ tó burú jù lójú àwọn tó ń mu sìgá. Èyí tí wọ́n mú ni Pantone 448 C. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2012 ni gbogbo páálí sìgá níbẹ̀ ti ń gbé àwọ̀ yẹn wọ̀. Àwọ̀ wo ni? Àwọ̀ ilẹ̀ ni, tó ṣókùnkùn, tó sì fẹ́ jọ àwọ̀ ewé. Ìjọba kọ́kọ́ pè é ní àwọ̀ ólífì, àwọn tó ń gbin ólífì sì fárí gá pé kí wọ́n má ba ọjà àwọn jẹ́.

Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lára páálí sìgá Ọsirélíà, àwọ̀ ilẹ̀ ń sọ pé ìdọ̀tí ni, ikú ni. Lára páálí bébà tó wà lórí tábìlì mi, irú àwọ̀ ilẹ̀ kan ń sọ pé oko ni, ìlera ni. Àwọ̀ kò mọ nǹkan kan fúnra ẹ̀. Ohun tí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ewé kékeré kan, ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan, òun ló ń kọ́ wa bó ṣe yẹ ká rí i.

Páálí tí kò ní ìkìlọ̀

Mo pe ìbátan mi kan tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wíwé lòun náà ń wé, torí owó sìgá inú páálí ti ga jù níbẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2017, gbogbo tábà ìwé tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà nínú àpò aláwọ̀ ṣíṣókùnkùn kan náà, pẹ̀lú àwòrán àìsàn lára ẹ̀. Àmọ́ òfin yẹn kò kan bébà. Ó ní, "Tí mo bá jókòó sí pọ́ọ̀bù, mo máa ń dá àpò tábà padà sápò kíá, kí n má bàa máa wo ẹsẹ̀ tó ti jẹrà. Bébà nìkan ló máa ń wà lórí tábìlì." Ẹ gbọ́ yẹn o. Èyí tó ń sọ òótọ́ wà nínú àpò. Èyí tó lẹ́wà wà níta, òun ni gbogbo èèyàn ń wò.

Nílé níbí náà, lábẹ́ òfin tábà ti ọdún 2015, páálí sìgá tẹ́ ẹ bá rà lọ́wọ́ àbókí gbọ́dọ̀ ní ìkìlọ̀ lára. Mo wá yẹ páálí bébà mẹ́ta tó wà níwájú mi wò, iwájú, ẹ̀yìn, àti inú ìdérí. Kò sí ìkìlọ̀ kankan lára ìkankan. Bẹ́ẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tábà ń pa èèyàn tó ju mílíọ̀nù 7 lọ lọ́dọọdún. Nítorí náà, lára ohun kékeré yìí, ohùn ẹni tó ń tà nìkan là ń gbọ́.

Ẹ̀yin náà ẹ lè gbọ́ ohun tó ń sọ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá mú páálí kan dání, ẹ mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ béèrè pé: kí ni èyí ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀? "Unbleached" ń sọ̀rọ̀ nípa bébà. "Organic" ń sọ̀rọ̀ nípa oko. "Slow burning" ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó jó tán. "Vegan" ń sọ̀rọ̀ nípa ẹran. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dárúkọ èéfín. Kò sí ọ̀kan tó dárúkọ ẹ̀dọ̀fóró. Àwa la parí gbólóhùn náà fún wọn.

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí wọ́n ṣe rí wa ni wọ́n á ṣe gbà wá lálejò. Oníṣòwò mọ̀ ọ́n, ó sì wọ aṣọ àgbẹ̀ fún bébà ẹ̀. Àmọ́ àwọn àgbà kan náà ló ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ohun tó wà nínú ló ń sọ ewé di irú ara ẹ̀, ewé kì í sọ ọṣẹ di ewé. Bébà tó dára jù láyé, tẹ́ ẹ bá ti fi wé tábà, tẹ́ ẹ sì ti ṣáná sí i, sìgá ló dà.

Ìpè tí mo pe àbúrò mi

Lẹ́yìn gbogbo èyí, mo pe àbúrò mi. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín. Mo ní, "Ohun tí mo sọ fún ẹ lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Jọ̀ọ́, má bínú." Kò rọrùn fún ẹ̀gbọ́n láti sọ bẹ́ẹ̀ fún àbúrò.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ṣé kí n padà sí funfun nìyẹn?"

Mo ní rárá. Kò sí àwọ̀ kankan tí màá lè júwe fún un mọ́.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ti gba ohun tó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ lọ́wọ́ mi o." Kò bínú, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo mọ ohun tó ń sọ. Ohun tí èmi náà ń rà fún ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Mo rò pé bébà ni.

Kò tíì jáwọ́. Mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ ní Sátidé, ó jẹ́ kí n tẹ̀ lé òun lọ sílé ìwòsàn torí ikọ́ náà. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, nọ́ọ̀sì kan sì pè wá wọlé, ó mú bírò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bi í pé ọdún mélòó ló ti ń mu ún. Ó bi í pé mélòó lóòjọ́. Ó bi í pé ìgbà wo ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ̀jẹ̀ máa ń bá a jáde.

Àbúrò mi wò mí, torí àwa méjèèjì ń retí ìbéèrè kan náà. Nọ́ọ̀sì pa ìwé ẹ̀ dé. Kò béèrè àwọ̀ bébà.

Ibi tí mo máa dúró sí lónìí nìyí. Tí ẹnì kan bá wà tẹ́ ẹ ti sọ irú ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn fún, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, tàbí kẹ́ ẹ pè é, ìyẹn ló dáa jù.  Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.